Lẹ́tà ṣọ́jà ogun Bọ́mà lórí ìtàgé: kí la máa ṣe kí ó má di ìwé kíkà lásán?

Adarí_Eré

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ tíátà. Lẹ́tà mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀, ti ṣọ́jà kan tó lọ ja ogun Hitler ní Bọ́mà (Burma, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí), láti ìparí 1943 títí di ìbẹ̀rẹ̀ 1946. Ọmọ rẹ̀ àgbà ti gbà pé ká lò wọ́n. Mẹ́sàn-án jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, márùn-ún jẹ́ Yorùbá àtijọ́ tí kò ní àmì ohùn kankan lórí. Òṣèré mẹ́rin la ní, ọkùnrin méjì, obìnrin méjì. Gbọ̀ngàn náà gba ọgọ́fà èèyàn, eré kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ.

Bí òṣèré bá dúró tó ń ka lẹ́tà, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó, tó bá fi máa kan lẹ́tà kẹta, ojú àwọn òǹwòran á ti máa rìn kiri. Ṣé kí n gé ìkíni gígùn tó wà níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dànù? Ṣé kí n tú àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá? Ìlù àti ìró ńkọ́? Ṣé ká rẹ bébà sínú tíì kó lè pọ́n bí ti ayé àtijọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Akọ̀wé_Abẹ́_Igi

Ẹ kú làálàá. Ohun tó ń gbé ojú wọn lọ ni pé ẹ ti sọ lẹ́tà di ọ̀rọ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́tà ṣọ́jà Bọ́mà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ọwọ́ èèyàn mẹ́rin ló ń gbà kọjá kó tó dé etí ìyá tàbí ìyàwó. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń sọ ọ́. Ìkejì ni ẹni tó ń bá a kọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ṣọ́jà ni kò mọ̀wé, ẹlẹgbẹ́ wọn tó ka ìwé díẹ̀ ló ń bá wọn kọ ọ́. Ìkẹta ni ọ̀gá òyìnbó tó gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde ní àgọ́, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Ayẹ̀wéwò. Ìkẹrin ni ẹni tó ń kà á fún wọn nílé, ọmọ ilé-ìwé tàbí akọ̀wé tó ta àga sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Òṣèré mẹ́rin lẹ sì ní.

Iná ni kẹ́ ẹ fi pín ìtàgé sí méjì, ẹ má kọ́ ògiri kankan. Bọ́mà wà lápá òsì, ilé wà lápá ọ̀tún, àpótí ìjókòó kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Lẹ́tà kìíní ni kẹ́ ẹ fi kọ́ òǹwòran bí ìwé ṣe ń rìn. Ṣọ́jà sọ gbólóhùn kan. Akọ̀wé dúró, ó wo ojú rẹ̀, ó kọ nǹkan mìíràn tó fẹ́ jọ ọ́. Ṣọ́jà ní, "Sọ fún un pé ebi ń pa wá," akọ̀wé kọ ọ́ pé, "Ọlọ́run ń pèsè fún wa." (Ohun tó wà lórí bébà gan-an ni kí akọ̀wé kọ, ẹ má yí i padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ṣọ́jà nìkan lẹ lè hun, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nínú ìwé ètò pé ẹ̀yin lẹ hun ún.) Lẹ́yìn náà Ayẹ̀wéwò gbà á. Ó kà á pẹ̀lú ẹnu dídì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ gbáko. Ẹ kà á pẹ̀lú aago, torí òṣèré á fẹ́ sáré. Ó fi abẹ gé ibì kan kúrò, ó lu òǹtẹ̀. Nígbà tí ìwé bá dé ilé, ọmọ tó ń kà á á kan ihò yẹn, á dúró. Ìyàwó á ní, "Kí ló wà níbẹ̀?" Òǹwòran mọ̀, òun kò mọ̀. Ibẹ̀ ni eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má tún gbogbo rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá o. Lẹ́tà kìíní lè gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ní ìkejì, ẹ fo akọ̀wé. Tó bá fi máa di ìkarùn-ún, ìró òǹtẹ̀ nìkan ti tó láti fi Ayẹ̀wéwò hàn. Iye ọ̀rọ̀ ṣe pàtàkì: lẹ́tà tó ní ọ̀rọ̀ 250 á gba bí ìṣẹ́jú méjì tí a bá kà á bó ṣe yẹ. Nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ẹ má jẹ́ kí kíka lẹ́tà ju bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ìyẹn ni ọ̀rọ̀ 4,000 ó dín díẹ̀. Ìrìn, iṣẹ́ ọwọ́, orin àti ìdákẹ́jẹ́ ló ni ìyókù.

Ẹ tún tẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kẹ́ ẹ wo irú ọwọ́ tó kọ wọ́n. Ibi tí ọwọ́ ìkọ̀wé bá ti yí padà, akọ̀wé ti yí padà nìyẹn: wọ́n gbé e lọ sí ibòmíràn, tàbí ó fara gbọgbẹ́, tàbí ó kú. Ẹ jẹ́ kí òṣèré mìíràn wá jókòó sórí àpótí akọ̀wé láìsọ nǹkan kan. Àwọn òǹwòran á rí i.

Ní ti ìkíni, ẹ dákun, ẹ má gé e. Ẹni tó bá rò pé ìkíni kò ní iṣẹ́ nínú lẹ́tà Yorùbá kò tíì gbọ́ ìkíni dáadáa. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó kí sórí bébà ńlá, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ẹ wo ẹni tó wà ní 1944 tí kò sí mọ́ ní 1945. Ẹ wo ẹni tó ṣáájú tẹ́lẹ̀ tó wá di ẹni ẹ̀yìn. Ẹ bi ẹbí ní ọjọ́ tí oníkálukú kú, kẹ́ ẹ sì fi wé ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà. Ìwé àti ìròyìn máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ibi tó ti ń kí òkú: "Ẹ bá mi kí bàbá, ẹ ní mo ń bọ̀." Tí irú rẹ̀ bá wà nínú mẹ́rìnlá yẹn, òun ni ọ̀pó àárín eré. Kí ọmọ tó ń kàwé kà á bó ṣe wà. Kí ẹnikẹ́ni má sunkún.

Ohun tẹ́ ẹ lè gé ni àdírẹ́sì àti nọ́ńbà ṣọ́jà (ẹ̀ẹ̀kan péré ti tó) àti àdúrà ìparí tó bá wà bákan náà nínú gbogbo wọn. Ẹ fi ìkíni sílẹ̀ ní kíkún nínú ti àkọ́kọ́, ti àárín àti ti ìkẹyìn. Nínú ìyókù, orúkọ nìkan, kíá kíá, bí ìgbà tí ìyá ń pe àwọn ọmọ wá jẹun.

Àmì_Ohùn

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ. Mo fẹ́ fi ti èdè kún un, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré irú èyí ti ń fọ́.

Kí òṣèré kankan tó há ọ̀rọ̀ sórí, ẹ fi àmì sórí lẹ́tà Yorùbá márùn-ún yẹn. Àkọtọ́ tó wà ṣáájú àtúnṣe 1974 ni wọ́n lò: *nwọn, aiye, enia, yio, obirin*. Àwọn yẹn kò ní wàhálà, kí òṣèré pè wọ́n bí a ṣe ń pè wọ́n lónìí. Wàhálà wà níbi tí kò ti sí àmì lókè tí kò sì sí ẹlẹ́sẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá kọ *e ba mi toju oko*, oko rẹ̀ ni àbí ọkọ̀? Lẹ́nu ará Ìlàjẹ, ọkọ̀ lè jẹ́ òótọ́. Tó bá kọ *owo na dun mi pupo*, ṣé owó tí wọ́n ná nílé ló dùn ún ni, tàbí ọwọ́ rẹ̀ tó fara gbọgbẹ́? Ìtumọ̀ méjèèjì pé. Ẹ wo lẹ́tà tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Tí ìròyìn ilé ìwòsàn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ni. Tí àròyé lórí owó tí ìjọba ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún ìdílé bá wà níbẹ̀, owó ni. Tí kò bá yé yín síbẹ̀, ẹ lọ bá àgbàlagbà láti ìlú kan náà, kẹ́ ẹ má ṣe fi òye gbé e. Òṣèré tó bá fi àmì tí kò tọ́ há a, ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ ó fi tún un ṣe.

Ohun kan tún wà nínú àwọn lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ẹnu ṣọ́jà ń sọ ẹ̀ka èdè ìlú rẹ̀, gègé akọ̀wé ń kọ Yorùbá Bíbélì tó kọ́ ní ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí ìyàtọ̀ yẹn hàn. Ṣọ́jà sọ ọ́ ní Èkìtì tàbí Ìjẹ̀bú rẹ̀, akọ̀wé pè é jáde ní Yorùbá ìwé bó ti ń kọ ọ́, tó bá sì délé, ọmọ tó ń kà á á tún dá a padà sí ẹ̀ka èdè fún ìyá àgbà. Ohùn mẹ́ta nìyẹn fún gbólóhùn kan. Èyí dáhùn ìbéèrè yín lórí Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú: ẹ má tú u sí Yorùbá àlàyé tó dán gbinrin. Yorùbá ló ti ẹnu rẹ̀ jáde kó tó di Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì ni Ayẹ̀wéwò lè kà, èyí tí wọ́n bá kọ ní Yorùbá gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá kọjá kó tó lọ. Ẹ fi gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tàbí méjì sílẹ̀ nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ti wà lórí bébà, kẹ́ ẹ sì tú ìyókù fún ẹnu, kì í ṣe fún ojú. Ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà dán an wò: ẹ kà á fún àgbàlagbà kan tí kò rí ìwé náà rí, kí ó tún un sọ. Ibi tó bá ti kọsẹ̀, ìtumọ̀ yín ni kò tíì jinná.

Tí ọ̀rọ̀ Hausa bá wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Èdè ṣọ́jà ni ní bárékè nígbà náà.

Onílù_Ẹ̀yìn

Kúkúrú ni tèmi. Ẹ má ṣe lu gángan sábẹ́ lẹ́tà. Gángan ń sọ̀rọ̀. Bí òṣèré bá ń sọ̀rọ̀ tí gángan náà ń sọ̀rọ̀, etí Yorùbá á fi òṣèré sílẹ̀, á máa wá ohun tí ìlù ń wí. Àgídìgbo náà kò yẹ, ẹ ṣáà mọ ohun tí wọ́n sọ: bí òwe bí òwe là ń lù ú. Ẹ lo gángan láàárín lẹ́tà méjì, kó fi oríkì ṣọ́jà náà pè é, kó sì dákẹ́ kó tó la ẹnu. Tí ẹ bá ní dandan kí nǹkan wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tàbí orin àmúmọ́nu láti ọ̀dọ̀ obìnrin kan.

Òjò: òjò Arakan, agbègbè etíkun Bọ́mà tí wọ́n ti jà, ju ìlọ́po méjì ti Èkó lọ láàárín ọdún, láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá. Ó yẹ kó wà nínú eré. Ṣùgbọ́n ìró òjò àti ohùn *s* àti *ṣ* máa ń jọ pa ara wọn. Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ gidi, kẹ́ ẹ gé e lójijì lórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́tà.

Ọkọ̀ òfurufú: ọ̀pọ̀ máa ń fi ìró rẹ̀ dẹ́rù ba òǹwòran. Ní àfonífojì Kaladan, ní Arakan, ní 1944, ọkọ̀ Dakota ló ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81st West African Division. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá dé, kí ṣọ́jà gbójú sókè tayọ̀tayọ̀. Tí kò bá dé, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ̀rù.

Ẹrù_Ìtàgé

Ẹ má rẹ bébà sínú tíì. Lẹ́tà tó dé ní 1944, tuntun ni nígbà tí wọ́n ṣí i. Ó pọ́n lónìí nítorí ọgọ́rin ọdún tó ti lò nínú àpótí. Ẹni tó ṣí i lórí ìtàgé yín wà ní 1944. Àmì ìtẹ́po, ẹrẹ̀ díẹ̀ létí, ìyẹn yẹ.

Bébà fọ́tókọ́pì 80 gíráàmù le jù, ó sì ń dún gbàràgbàrà nínú máíkì. Ẹ wá èyí tó wà láàárín 45 sí 60 gíráàmù. Tí ti inú àpótí bá jẹ́ bébà búlúù tí wọ́n ń ṣẹ́ po láìní àpò ìwé, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ ṣe ẹ̀dà ọwọ́ ìkọ̀wé náà sí iwájú, kẹ́ ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn ní lẹ́tà ńlá, 16 ó kéré tán, torí bí òṣèré bá tilẹ̀ ti há a sórí, iná lè ṣókùnkùn tàbí kó gbàgbé. Èyí tí Ayẹ̀wéwò ń fi abẹ gé gbọ́dọ̀ tuntun ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan: alẹ́ mẹ́fà, ẹ̀dà mẹ́jọ. Kí abẹ náà ti kú lójú, kẹ́ ẹ sì ti fi abẹ gidi la ihò náà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó kàn ku etí méjì tó so mọ́ra. Bí wọ́n bá gé e lójú ẹsẹ̀, yálà kó ya kọjá ibi tó yẹ tàbí kó máà gé.

Dídi bébà mú: kó wà ní ìwọ̀n àyà, kì í ṣe iwájú ojú. Bébà funfun máa ń ta iná padà sí ojú òṣèré, ẹ lo ìyẹn. Iná kan láti ẹ̀gbẹ́ àti òkè díẹ̀, aláwọ̀ iná àtùpà. Nínú àtùpà gan-an, bọ́ọ̀bù bátìrì ni kẹ́ ẹ fi sí i, kì í ṣe kẹrosíìnì.

Aṣọ: aláwọ̀ ewé ni wọ́n wọ̀ nínú igbó Bọ́mà, kì í ṣe káàkì kúkurú aláwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí àwọn eré máa ń gbé wọ̀ wọ́n. Kẹ́ ẹ tó rán àmì sí apá aṣọ, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà. Ti 81 jẹ́ aláǹtakùn dúdú lórí àwọ̀ yẹ́lò, ti 82 (82nd West African Division) jẹ́ ọ̀kọ̀ méjì tó gba inú òṣùká aláàárù kọjá. Àwọn 81 dé Íńdíà ní 1943, àwọn 82 tẹ̀lé wọn ní 1944, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n yọ ẹgbẹ́ 3rd West African Brigade kúrò lára 81 láti bá àwọn Chindit lọ, àwọn ọmọ ogun tó ń jà lẹ́yìn ọ̀tá nínú igbó Bọ́mà. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí lẹ́tà kò tó láti fi pinnu. Nọ́ńbà báttálíọ̀nù inú àdírẹ́sì ló máa sọ ọ́.

Adarí_Eré

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ ò ní rẹ̀yìn ayọ̀ o. A ti kọ orúkọ àwọn tó kí sórí bébà, ó sì ti mú ọ̀rọ̀ jáde. Ohun mẹ́ta ló kù. Kò sí lẹ́tà ìyàwó kankan nínú àpótí, tirẹ̀ nìkan ló wà. Òṣèré kan dábàá pé kí ìyàwó fi àrokò dá a lóhùn, owó ẹyọ mẹ́fà, ẹ̀fà, pé ọkàn òun fà mọ́ ọn. Ẹ̀kejì, ṣọ́jà kò dárúkọ ibi kankan, báwo ni òǹwòran á ṣe mọ ibi tó wà? Ẹ̀kẹta, ṣé àṣẹ ọmọ kan ṣoṣo ti tó?

Àmì_Ohùn

Mi ò fara mọ́ ti àrokò. Ìwé ìfìwéránṣẹ́ ni obìnrin yẹn ń lò ní 1944, ẹ má dá a padà sí ayé tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ má sì hun lẹ́tà èké fún un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú lẹ́tà ọkọ rẹ̀. Ẹ ya gbogbo ibi tó ti ń dá a lóhùn sọ́tọ̀: "mo gbọ́ pé òrùlé ń jò", "má tà á", "jẹ́ kí ọmọ náà lọ sí ilé-ìwé". Ìyàwó ló kọ́kọ́ bèèrè gbogbo rẹ̀. Ẹ fún un ní iṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀: kó gbé agbada sí ibi tí òrùlé ti ń jò, ní lẹ́tà kan ṣáájú ìgbà tí ìdáhùn á dé. Nígbà tí ọkọ bá fi máa sọ bí wọ́n ṣe máa tún òrùlé ṣe, kó ti tún un ṣe tán, kó sì ti gbé agbada kúrò.

Akọ̀wé_Abẹ́_Igi

Agbada yẹn dára gan-an. Lórí àrokò, èrò mi yàtọ̀ díẹ̀: kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ bí lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú bó bá dá nìkan wà ní alẹ́, tó ń ka owó ẹyọ mẹ́fà sílẹ̀, tó sì kó wọn padà sínú àpò. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ọ́n.

Lórí orúkọ ibi: ẹ má fi í sínú lẹ́tà láéláé. Ṣọ́jà kò gbọdọ̀ dárúkọ ibi tó wà, ohun àkọ́kọ́ tí Ayẹ̀wéwò ń wá nìyẹn. Ẹ lo òfin yẹn. Gbogbo ohun tí Ayẹ̀wéwò bá gé kúrò, kó máa kó o sínú agolo kan. Tó bá di ìparí eré, kó da agolo náà sílẹ̀, kó máa ka ohun tó wà lórí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: Arakan, Kaladan, Dodan, Letmauk. Ará Ìbàdàn tó ń kọjá ní bárékè Letmauk lójoojúmọ́, ará Èkó tó mọ Dodan ní Ìkòyí àti Arakan ní Àpápá, ojú ogun Bọ́mà ni àwọn orúkọ wọ̀nyẹn ti wá. Ẹ má ṣe àlàyé kankan. Ìwọ̀nba orúkọ tó bá ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ mu ni kẹ́ ẹ lò: Letmauk jẹ́ ti àwọn 82 ní 1945, tó bá jẹ́ ará 81, ẹ fò ó.

Ní ti àṣẹ: rárá, ọmọ kan kò tó. Bébà jẹ́ ti ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lórí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́, ó sì ń kọjá sí ọwọ́ àwọn àrólé. Lábẹ́ òfin àṣẹ-oníǹkan Nàìjíríà ti 2022, ó wà bẹ́ẹ̀ fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé olórogún, ẹ gba ìfọwọ́sí lórí ìwé láti ojúlé ìyá kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ fi lẹ́tà mìíràn kún un láti àpótí Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bo lẹ́tà tí a kò tẹ̀ jáde rí, tí ẹni tó kọ ọ́ kú ṣáájú 1969, títí di òpin 2039. Ẹ kọ̀wé béèrè kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò.

Nígbà tí ẹ bá sì wà lọ́dọ̀ ẹbí, ẹ ka gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sí wọn létí, láìfo ìlà kan, ní Yorùbá. Àwọn míì nínú wọn kò gbọ́ ọ rí. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ bèèrè èyí tí wọn kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́.